Ilé Là Ń Wò

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin,
níbi tí koríko ti ń gun orí irin,
Lájídé ọlọ́kadà rí i nínú àpò sìmẹ́ǹtì.
Ó ní àkísà lòun pè é,
àfi bí àkísà ṣe sín.
Ó kì í sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì,
ó sọ fún èrò tó ń dúró dè é ní Ọláìyá
pé kó wá ọ̀kadà mìíràn.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi ní Òkè-Baálẹ̀ nìyẹn.
Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ni wọ́n wí,
ká fi wá ẹni tí yóò gbà á tọkàntọkàn.
Mo ní ó dáa. Ọ̀sẹ̀ méjì ò lè pa télọ̀.

Ẹgbẹ́ wa ò ní ọ́fíìsì, kò ní pátákó,
kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù.
Dókítà Ẹniìtàn ń gún wọn lábẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́,
owó oògùn nìkan ló ń gbà,
ìgbà míì, á gbàgbé láti gbà á.
Múnírátù ló ni ìwé:
ẹni tó pè, ẹni tó parọ́, ẹni tí ọgbà rẹ̀ lu.
Èmi, mo ní ẹ̀yìnkùlé àti ẹ̀rọ tó ń pariwo.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo la fẹ́ wò fún èyí?
N ò sọ ọ́ lórúkọ. "Ìwọ" ni mò ń pè é.
Ìwọ, sọ̀kalẹ̀ lórí áńkárá oníbàárà.
Ìwọ, ta ló jẹ tépù mi?
Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ti kú, ó ń fi mẹ́ta tó kù rìn
bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé.

Àlàájà Sáúdátù, ará òdìkejì ògiri,
ní òun ò fẹ́ kí itọ́ ajá ba àlùwàlá òun jẹ́.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́
ni mò ń bá ike kan lórí ògiri,
ìrẹsì ìdí ìkòkò, orí ẹja.
Mo dúpẹ́. Ó ní, "Ọpẹ́ kí lò ń dá?
Ológbò ni mo gbé e fún."
Kò sí ológbò ládùúgbò wa.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wò ó
kò béèrè ohun tó ń jẹ.
Ó tẹ ìhà rẹ̀, ó tẹ itan rẹ̀,
ó ní, "Á tó sanra ṣá?"
Múnírátù pa ìwé dé.
Mo fi sísọ́ọ̀sì júwe ọ̀nà títì fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́rin.
Ní oṣù karùn-ún la gbé e lọ sọ́nà Ìbòkun,
sílé Bàbá Ọ̀ṣúndíyà, tó fi ọgbọ̀n ọdún
ju àsíá sí ọkọ̀ ojú irin.
Ẹniìtàn yẹ ọgbà wò, ó mi géètì.
Múnírátù yọjú wo kànga, ó ní ìdérí.
Ó wádìí bí ẹni ń fi ọmọ fọ́kọ:
"Tẹ́ ẹ bá ṣàìsàn ńkọ́? Ta ni yóò bọ́ ọ?"
Bàbá ní, "Ẹ ò tíì bi mí pé
tóun bá ṣàìsàn, ta ni yóò bá mi jẹun."

Àga kan ló wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ife kan lórí tábìlì,
sálúbàtà obìnrin lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eruku ti bò ó.
Ìwọ lọ gbóòórùn sálúbàtà náà,
ó sì dùbúlẹ̀ tì í.
A dákẹ́.
"Kí lorúkọ ẹ̀?"
Mo ní a ò tíì sọ ọ́.
Bàbá wolé. Ó wò ó títí: àga, ife, ilẹ̀kùn.
"Adiméjì," ló wí.

Mo délé, mo rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì,
mo tú u.
"Ìwọ, kúrò níbẹ̀," ni mo sọ fún ilẹ̀ lásán.
Bílẹ̀ ṣe ń ṣú, ohùn kan gba orí ògiri wá:
"Ológbò yẹn dà?"
"Ó ti nílé, Àlàájà. Ọ̀nà Ìbòkun."
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ike kanlẹ̀.
"Ó jẹun kó tó lọ?"